Mo fẹ́ fi àwòrán àtijọ́ ṣe pósítà kọ́nsáàtì kúáyà wa n'Ògbómọ̀ṣọ́, báwo ni kí n ṣe é?

Àbúrò kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ̀wé sí mi. Kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wọn fẹ́ kọ apá kìíní Messiah, orin ńlá tí Handel kọ nípa Jésù, lóṣù Kejìlá, wọ́n á tún kọ orin Yorùbá mélòó kan mọ́ ọn, òun ni wọ́n ní kó ṣe pósítà. Ó ti rí bí àwọn òkè òkun ṣe máa ń gbé àwòrán àwọn ayàwòrán àtijọ́ sórí pósítà kọ́nsáàtì, ó wù ú, ló bá wá àwòrán áńgẹ́lì kan lórí Google, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn, ó kọ̀wé lé e lórí, kò wuni, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò tiẹ̀ ṣeé kà. Alága kọ̀mítì wọn tún ní fọ́tò pásítọ̀, fọ́tò olùdarí kúáyà àti fọ́tò gbogbo àlejò pàtàkì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ò fi dáa, ṣé kì í sì í ṣe olè ni tí mo bá mú àwòrán ẹlòmíì lò?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, torí ìlú wa yìí, orin ìjọ ti wọ̀ ọ́ lára tipẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Baptist tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1898 wà níbí, wọ́n ń kọ́ èèyàn lórin níbẹ̀, àwọn tó mọ ìwé orin kà pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n tó o bá dúró ní Tákíè tó o wo àwọn bánnà tí wọ́n so kọ́, o ò ní lè fi ojú mọ èwo ni ti kọ́nsáàtì, èwo ni ti ìsọjí, èwo ni ti òkú. Ó ń dùn mí. Èèyàn á fi oṣù mẹ́ta kọ́ orin tó le, ìwé tí wọ́n fi pe aráàlú sí i ò ní sọ nǹkan kan nípa orin ọ̀hún.

Ohun tó fà á tí tìẹ ò fi dáa ni pé àwòrán lo kọ́kọ́ wá, orin ló yẹ kó o kọ́kọ́ gbọ́. O rí i pé orin Jésù ni, o wá áńgẹ́lì lọ. Áńgẹ́lì yẹn ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Handel. Àwòrán tó máa bá orin lọ ni èyí tí ẹni tó yà á ṣe irú nǹkan tí ẹni tó kọ orin náà ṣe, ó lè jẹ́ bó ṣe lo ìmọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ bó ṣe fa ìlà, ó lè jẹ́ kálà kan tó jẹ́ kó borí gbogbo ìyókù. Nǹkan kan ṣoṣo yẹn ni kó o mú wá sórí pósítà, ìyókù, fi í sílẹ̀ sínú mùsíọ́ọ̀mù tó wà.

Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe hàn ẹ́. Lọ́dún 1905, Debussy, ará Faransé, ní kí wọ́n tẹ ìwé orin tó kọ nípa òkun, La mer. Àwọn Durand tó tẹ̀ ẹ́ ní Paris lọ mú àwòrán ìgbì ńlá tí Hokusai ará Japan ṣe ní nǹkan bí ọdún 1831, wọ́n gbé e sí èèpo ìwé. Tó o bá ti rí àwòrán Hokusai yẹn rí, wàá rántí pé ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wà níbẹ̀ tí àwọn atukọ̀ dorí kodò nínú wọn, òkè Fuji náà wà lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn, tó kéré lábẹ́ omi. Wọ́n yọ ọkọ̀, wọ́n yọ òkè, ìgbì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Torí pé orin Debussy ò sọ ìtàn ọkọ̀ kankan, bí omi ṣe ń dìde tó ń ṣubú ló ń sọ. Lójú tèmi, ẹni tó ṣe èèpo ìwé yẹn mọ ohun tí orin náà ń sọ, ó sì ní ìgboyà láti gé iṣẹ́ Hokusai kù kó lè bá a mu.

Òmíràn tún ni Kandinsky, ayàwòrán ará Rọ́ṣíà. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1911, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ gbọ́ orin Schoenberg ní Munich, nílẹ̀ Jámánì, nígbà tó padà délé ó ya àwòrán kọ́nsáàtì tó lọ. Wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Lenbachhaus ní Munich níbẹ̀. Ohun dúdú ràbàtà kan wà láàárín, dùùrù ni. Yẹ́lò wá ya bo gbogbo ọwọ́ ọ̀tún, ó ń tú jáde láti ibi dùùrù yẹn. Àwọn tó wá gbọ́ orin ò ju ìlà mélòó kan lọ. Kò ya ojú Schoenberg, kò ya ojú akọrin kankan, síbẹ̀ tó o bá wò ó wàá mọ̀ pé nǹkan kan ń dún nínú yàrá yẹn, ó sì ń dún kíkan. Yẹ́lò tó borí dúdú, pósítà kọ́nsáàtì dùùrù ti parí nìyẹn, ọ̀rọ̀ ló kù kó o kọ.

Ó dáa, ká wá sórí tiyín.

Gbé ìwé orin Messiah sílẹ̀, kó o fi iPod tàbí fóònù gbọ́ apá kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìṣe nǹkan mìíì. Èmi ò lè gbọ́ ọ bá ẹ, ṣùgbọ́n màá sọ ibi tó dá mi dúró. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kọrin ìtùnú, tí wọ́n ti kọ ti ìwẹ̀nùmọ́, ẹni tó ń kọ báàsì á bọ́ síta, á kọ ọ̀rọ̀ wòlíì Àìsáyà pé àwọn ènìyàn tí ń rìn nínú òkùnkùn ti rí ìmọ́lẹ̀ ńlá. Fetí sí àwọn fayolíìnì níbẹ̀. Wọn ò lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn ń bá báàsì rìn lójú ọ̀nà kan náà, ohùn ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sókè lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ wá ògiri nínú ilé tí iná ti lọ. Handel mọ ohun tó ń ṣe. Bí ìyẹn bá ti parí báyìí, kúáyà á wọlé, "a bí ọmọ kan fún wa", gbogbo nǹkan á mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni apá kìíní dúró lé. Haleluya kọ́, apá kejì ni ìyẹn wà, ẹ ò tiẹ̀ ní kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ ó kọ ọ́ ní ìparí, kò sí bí kúáyà wa á ṣe kọ Messiah tí ìjọ ò ní dìde fún Haleluya.

Tó bá wá jẹ́ pé òkùnkùn tí ìmọ́lẹ̀ wọ̀ lorin yín, àwọn wo ló ya òkùnkùn tí ìmọ́lẹ̀ wọ̀? Ó ti rọrùn báyìí, àbí? Caravaggio ará Ítálì tó kú lọ́dún 1610 ni baba wọn, òun ló kọ́ gbogbo Yúróòpù bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan péré kí ibi tó kù ṣókùnkùn biribiri. Honthorst ará Holland tẹ̀ lé e, ó ya àwọn olùṣọ́-àgùntàn tó wá kí ọmọ tuntun lọ́dún 1622, ara ọmọ yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde tó ń tàn sójú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kó o lọ wò dáadáa ni Georges de La Tour. Ará Lorraine ni, nílẹ̀ tó ti di ara Faransé báyìí, wọ́n bí i lọ́dún 1593, ó kú lọ́dún 1652, aráyé sì gbàgbé ẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíì káàkiri títí di 1915 tí ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Voss, tó àwọn iṣẹ́ náà pọ̀ padà fún un.

La Tour ya ìyá kan tó gbé ọmọ tuntun, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìlú Rennes. Obìnrin kejì di àbẹ́là mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó wá gbé ọwọ́ kejì ṣíji bò ó, o ò rí iná ọ̀hún rárá. Ohun tó o rí ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí, iwájú orí ìyá, ojú ọmọ, aṣọ pupa. Ohun tí mo ní kó o mú nìyẹn! Iná tó fara pamọ́, ojú tó mọ́. Kò sí áńgẹ́lì, kò sí ìyẹ́, kò sí ìtànṣán wúrà lórí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa wò ó tí ò ní dákẹ́ díẹ̀.

Mi ò wá ní kó o gbé àwòrán La Tour fúnra ẹ̀ sórí pósítà o. O lè gbé e, kò sí òfin tó ní kó o má gbé e, màá dé ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kó o ya fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn akọrin yín bí La Tour ì bá ṣe yà á. Èyí tó ń kọ álítò tàbí màmá àgbà kan tó ti wà ní kúáyà tipẹ́, ojú tí ilé ayé ti kọ nǹkan sí lára ló dáa jù fún irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Kó ró ìró àti bùbá, kó wé gèlè tó rọrùn, má jẹ́ kó wọ kaba kúáyà, kaba máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀ ni, kì í jẹ́ kí ara aṣọ hàn. Aṣọ òkè sányán tàbí aṣọ pupa rúsúrúsú á dáa gan-an torí ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò máa ń gbé wọn jáde. Kó di ìwé orin mú ní ṣíṣí síwájú àyà, kó o wá gbé iná kékeré kan sẹ́yìn ìwé náà, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀, kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ rí iná yẹn. Má lo àbẹ́là gidi o, ìwé àti gèlè ò jìnnà síra wọn níbẹ̀. Iná tó ń lo bátìrì ni kó o lò, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bá funfun jù fi ọ̀rá tó ní kálà ọsàn bò ó, ojú á mọ́ra. Ìwé orin funfun yẹn fúnra ẹ̀ á tún da ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹ̀, wàá rí i pé abẹ́ àgbọ̀n á mọ́ tó bó ṣe yẹ.

Ṣe é lálẹ́, pa gbogbo iná yòókù, ta aṣọ dúdú sẹ́yìn ẹ̀, kí aṣọ yẹn jìnnà sí i tó ìṣísẹ̀ méjì kí ìmọ́lẹ̀ má lọ bà á. Pa fíláàṣì. Gbé fóònù lé nǹkan tí ò ní mì, tẹ ojú màmá yẹn lójú fóònù, fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi dúdú pátápátá tí ojú nìkan á kù, torí fóònù á máa fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo òkùnkùn tó bá rí, o ò gbọ́dọ̀ gbà fún un. Ya ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní kó kọrin nígbà tó o bá ń yà á, kó kọ ọ́ gan-an ni o, kó má kàn la ẹnu. Ojú ẹni tó ń kọrin yàtọ̀ sí ojú ẹni tó ń ṣe bí ẹni ń kọrin, pósítà kì í bò ó mọ́lẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ báyìí ju kó o lẹ àwòrán òyìnbó mọ́ ọn ni pé èèyàn wa ni yóò rí ara wọn níbẹ̀. Messiah ti di tiwa, àwọn ìjọ wa ti ń kọ ọ́ tipẹ́, ojú ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó yẹ kó wà lórí ẹ̀ ni. Ìkejì, àwọn àgbà ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán ńlá tó bá orin tan ni wọn ò ní jẹ́ kó o lẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀ṣì. Wo ayàwòrán Klimt ní Vienna lọ́dún 1902, ó ya ògiri tó gùn tó mítà 34 fún orin kẹsàn-án Beethoven, wúrà ibẹ̀ ń dán, ó rẹwà kọjá sísọ, ṣùgbọ́n obìnrin oníhòòhò kún ibẹ̀, ìnàkí gàgàrà kan sì jókòó sáàárín wọn. Tó bá jẹ́ orin Beethoven lẹ fẹ́ kọ, wúrà yẹn nìkan ni màá ní kó o mú.

Ti olè tó o béèrè. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà wa ní Nàìjíríà ní àwòrán jẹ́ ti ẹni tó yà á títí tó fi máa kú, á tún jẹ́ ti àwọn ẹbí ẹ̀ fún 70 ọdún sí i lẹ́yìn ọdún tó kú. Nítorí náà La Tour, Caravaggio, Hokusai tó kú lọ́dún 1849, Klimt tó kú lọ́dún 1918, Kandinsky tó kú lọ́dún 1944, gbogbo wọn ti bọ́ sọ́wọ́ aráyé, o ò jalè. Àwọn tiwa ló yẹ kó o ṣọ́ra fún, torí pé wọn ò tíì pẹ́ lọ. Ben Enwonwu kú lọ́dún 1994, Twins Seven Seven tó ti Òṣogbo jáde kú lọ́dún 2011, Yusuf Grillo kú lọ́dún 2021. Kódà Aina Onabolu tó ṣíwájú gbogbo wọn, tó kú lọ́dún 1963, ó di ìparí 2033 kí iṣẹ́ ẹ̀ tó di ti gbogbo èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo bá ti rí àwòrán Enwonwu lẹ́yìn pósítà ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lọ tọrọ àyè, a máa ń rò pé ti orin ìjọ ni kò sẹ́ni tó máa bínú, ṣùgbọ́n ẹbí oníṣẹ́ ń jẹun níbẹ̀.

Mo dárúkọ Grillo yẹn torí orin Yorùbá tẹ́ ẹ fẹ́ kọ. Tó bá jẹ́ pé orin Yorùbá ló pọ̀ jù nínú kọ́nsáàtì yín ni, mi ò ní sún mọ́ La Tour rárá, ọ̀dọ̀ Grillo ni màá ní kó o lọ kọ́ṣẹ́. Búlúù ni ọkùnrin yẹn fi ń sọ̀rọ̀, búlúù aláró, ó máa ń ya àwọn obìnrin Yorùbá ní ọrùn gígùn, ó máa ń pín ara àti aṣọ wọn sí igun-igun, ó sì ṣe fèrèsé gíláàsì aláwọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó ni búlúù, kò sẹ́ni tó ni pípín nǹkan sí igun-igun, o lè kọ́ ìyẹn lọ́dọ̀ ẹ̀ kó o ya tìẹ. Èyí tí o ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó o mú obìnrin tó yà, kó o da gèlè ẹ̀ rú díẹ̀, kó o ní tìẹ ni. Kúáyà tó to ara wọn sórí ìlà mẹ́rin, sopráánò, álítò, tẹ́nọ̀, báàsì, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ búlúù tó dúdú ju èyí tó wà lókè ẹ̀ lọ, báàsì ló máa dúdú jù nísàlẹ̀. Mo ń rí i lójú mi báyìí. Ẹ fi èyí sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Tó o bá ṣì fẹ́ lo àwòrán àtijọ́ fúnra ẹ̀, má mú u lórí Google bó o ṣe rí i. Pósítà A3 fẹ̀ tó mìlímítà 297, ó ga tó 420, tí wọ́n bá máa tẹ̀ ẹ́ kó mọ́, 300 píksẹ́lì ló yẹ kó wà nínú ínṣì kan, ìyẹn ni pé àwòrán ẹ gbọ́dọ̀ tó 3508 sí 4961. Èyí tó o mú tí ò ju 600 píksẹ́lì lọ ní fífẹ̀, tó o bá nà án dé A3, bíi 51 ló máa kù nínú ínṣì kan, ìdí tí áńgẹ́lì ẹ fi rí bí ó ṣe rí nìyẹn. Mùsíọ́ọ̀mù ńlá mélòó kan ló ti tú tiwọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Rijksmuseum ní Amsterdam, Metropolitan ní New York tó ṣe é lóṣù Kejì ọdún 2017, Art Institute ní Chicago náà. Wá ibi tí wọ́n bá kọ CC0 tàbí Public Domain sí, ìyẹn ni pé ó ti di ti gbogbo èèyàn, dáúnlóòdù èyí tó tóbi jù. Kó o kọ orúkọ ayàwòrán, orúkọ iṣẹ́ àti mùsíọ́ọ̀mù tó wà sí ìsàlẹ̀ pósítà ní lẹ́tà kékeré, òfin ò fipá mú ẹ, ẹ̀yẹ ni.

Ọ̀rọ̀ orí pósítà ńkọ́? Ẹ̀bùn tí irú àwòrán yìí fún ẹ nìyẹn, òkùnkùn. Ibi tó dúdú yẹn ni kó o kọ̀wé sí, gbogbo ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, má jẹ́ kí lẹ́tà kankan fẹsẹ̀ tẹ ojú tàbí ọwọ́ èèyàn. Má fi àpótí funfun sábẹ́ ọ̀rọ̀, má fi ìlà yí lẹ́tà ká, má fi òjìji sí i. Orúkọ orin kó tóbi jù, ọjọ́ àti àkókò tẹ̀ lé e, ibi tí yóò ti wáyé, iye tàbí pé ọ̀fẹ́ ni. Ìyókù ò gbọ́dọ̀ bá àwọn wọ̀nyí du àyè. Nígbà tí wọ́n kọ Messiah fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Dublin, lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1742, ìkéde tí wọ́n gbé sínú ìwé ìròyìn bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má wọ aṣọ oníróbótó tó máa ń gba àyè, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin fi idà sílé, kí èèyàn púpọ̀ lè ráyè jókòó torí owó ibẹ̀ fẹ́ tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n onígbèsè sílẹ̀ ni, ó sì fẹ́ ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Ohun tí ẹni tó ń bọ̀ nílò ni wọ́n sọ fún un. Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ kí èèyàn jókòó kí agogo márùn-ún tó lù, kọ ọ́ síbẹ̀ kó hàn, èyí wúlò ju "ẹ má jẹ́ kí wọ́n ròyìn fún yín" lọ.

Àmì ohùn wá ńkọ́! Jọ̀ọ́, má kọ Ògbómọ̀ṣọ́ láìní àmì lórí pósítà orin, ohùn la fi ń kọrin. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì orí àti àmì abẹ́ jọ sára lẹ́tà kan, "ọ̀" àti "ẹ́" ni wọ́n máa ń bàjẹ́, àmì á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí kékeré. Kó o tó fẹ́ràn fọ́ǹtì kankan, tẹ "Ẹgbẹ́ Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́" pẹ̀lú ẹ̀ ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kó o wò ó. Noto Serif, Gentium àti Charis ń ṣe é dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Tó o bá ti ń lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé, sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìlà, lórí CorelDRAW wàá yàn án, wàá tẹ Ctrl àti Q, torí tí kọ̀ǹpútà tiwọn ò bá ní fọ́ǹtì ẹ ó máa fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ láìbi ẹ́.

Ní ti títẹ̀, pósítà dúdú máa ń dójú tini tó o ò bá múra sílẹ̀ fún un. Tó o bá lo íǹkì dúdú nìkan, ìdá 100 nínú 100, á jáde ní ṣíṣá, fi búlúù 60, pupa 40 àti yẹ́lò 40 kún un, dúdú yẹn á jinlẹ̀. Ibi tó jẹ́ òjìji lára fọ́tò, tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i ju bó o ṣe fẹ́ kó rí lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́bà máa ń mu íǹkì, gèlè àti ẹ̀yìn á para pọ̀ di ọ̀kan tó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà funfun inú dúdú, má jẹ́ kó kéré ju pọ́íǹtì 10 lọ, má sì lo fọ́ǹtì tín-ín-rín, íǹkì á bo ẹsẹ̀ wọn. Fi mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀ yíká fún gígé. Sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ ẹyọ kan kó o rí i kí wọ́n tó tẹ ìyókù, san owó ẹyọ yẹn, má bá wọn dúná dúrà lórí ẹ̀.

Ó wá ku alága. Mi ò ní kó o bá àgbà jiyàn, kò sí nínú àṣà wa, kò sì ní ṣiṣẹ́. Má lọ bá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, mú bẹ́bà méjì lọ. Ọ̀kan, ṣe é bó ṣe fẹ́ ẹ, pẹ̀lú gbogbo fọ́tò. Ìkejì, màmá yẹn àti ìwé orin ẹ̀. Lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí alága àtàwọn kọ̀mítì dúró lẹ́nu ọ̀nà kejì, kó o bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni kọ́nsáàtì?" Wọ́n á rí i fúnra wọn. Kó o wá sọ fún wọn pé fọ́tò ò sọnù, inú ìwé ètò ló máa wà, ojú ewé odindi fún pásítọ̀, ìdajì fún àlejò kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí wọn dáadáa, ẹ sì lè máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí WhatsApp lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Orúkọ wọn á wà lórí pósítà. Tó bá tún ní òun ò gbà, sọ fún un pé gbọ̀ngàn orin Tonhalle ní Zürich gbé pósítà Beethoven jáde lọ́dún 1955, Josef Müller-Brockmann ló ṣe é, kò sí ojú Beethoven níbẹ̀, àwọn ìlà róbótó dúdú ńláńlá lásán ló ń yí po tó ń fẹ̀ sí i, wọ́n sì ṣì ń fi kọ́ àwọn tó ń kọ́ dìsáìnì di òní. Tí ìyẹn náà ò bá wọlé, fi fọ́tò pásítọ̀ nìkan sí igun ìsàlẹ̀, kékeré, sọ ọ́ di dúdú àti funfun kó má bá ìmọ́lẹ̀ màmá jà. Mo ti rí i kó gbà bẹ́ẹ̀, kò bà á jẹ́.

Ti WhatsApp, má gé pósítà A3 sínú sítátọ́ọ̀sì. Ṣe òmíràn fún un, 1080 sí 1920, ojú àti ìwé orin lókè, ọjọ́ àti àkókò nísàlẹ̀, ó tán. Ya fọ́tò yẹn lọ́sẹ̀ yìí tí àyè bá wà, kó o fi méjì tàbí mẹ́ta tó wù ẹ́ jù ránṣẹ́ sí mi kí n bá ẹ yàn, fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì o, torí tó o bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán WhatsApp á fún un pọ̀, mi ò ní lè mọ̀ bóyá òkùnkùn yẹn dára tàbí ó ti fọ́.